Títún padà lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Japan lẹ́yìn tí èèyàn ti di tíṣà àgbà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tí mo kọ èyí fún ni àwọn tó ti kọ́ni ní Japan rí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà nílé, ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ti pẹ́ gan-an níwájú kíláàsì. Ọkàn wọn wá tún ń fà sí ibẹ̀. Ẹni tí kò dé Japan rí lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ni mo ní lọ́kàn.

Mo ti lé lógójì ọdún. Ṣé wọn ò ní sọ pé mo ti dàgbà jù?

Ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọlé ló máa sọ. Àwọn eikaiwa (ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí àgbà àti ọmọdé ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sísọ lẹ́yìn iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn ilé ìwé) ń wá ọ̀dọ́ tó lè máa rẹ́rìn-ín láti ọ̀sán títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sì ní béèrè owó ńlá. Tíṣà tó ti gbó lẹ́nu iṣẹ́ kàn máa ń kọ wọ́n lóminú ni, torí ojú ẹ̀ á ti rí i pé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni kò dára tó. Lọ́dọ̀ JET, ètò ìjọba Japan tó ń mú àjèjì wá ran tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nílé ìwé, tó ti wà láti 1987, kò sí òfin pé ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ orí báyìí kò gbọ́dọ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì ló kún ibẹ̀. Ní ilé ìwé girama aládàáni, ní yunifásítì àti ní ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ àjèjì, ewú orí yín ò ní dí yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ bi yín pé ọdún mélòó lẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ ALT (olùrànlọ́wọ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé ìjọba) àti eikaiwa ni mo mọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ kí èèyàn padà sídìí ẹ̀?

Owó ni. Nígbà tí Nova, kọ́ńpìnnì eikaiwa, ṣì tóbi, kó tó wó lulẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2007, 250,000 yen lóṣù ni iye tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí. ALT tó bá gba abẹ́ kọ́ńpìnnì agbáṣẹ́ṣe wọlé lónìí ṣì máa ń rí nǹkan bíi 230,000 sí 250,000. Ẹ wá wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà náà sí ìsinsìnyí. Owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún di 8 ní 2014, ó tún di 10 ní 2019. Ní 2011, dọ́là kan kò tó 80 yen. Ní 2024 ó kọjá 160. Ìyẹn ni pé 250,000 yen tó lé ní dọ́là 3,100 nígbà náà wá di bíi 1,560. Ẹni tó ṣì ń san gbèsè ilé ní Ìlú Ọba, tàbí tó ń fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sí àbúrò n'Íbàdàn, kò nílò kí n ṣàlàyé ju báyìí lọ.

JET sàn díẹ̀. Ní 2025 wọ́n gbé owó ọdún àkọ́kọ́ láti 3,360,000 yen sí 4,020,000. Àmọ́ ọdún márùn-ún ni gbogbo ohun tí ẹnì kan lè lò nínú ètò náà láyé ẹ̀, ẹni tó bá ti lò ó tán, ó parí nìyẹn. Wọ́n á bi yín pé ìlú wo lẹ fẹ́, síbẹ̀ ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa gbé yín lọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún lè fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta ò lè fi ṣeré.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ALT burú o. Ẹni tó fẹ́ simi lọ́wọ́ ìpàdé àti ìwé kíkọ, tí ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ sì ń gba owó gidi, lè ṣe é tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀nà wo ló wá ṣí sílẹ̀ fún tíṣà tó ti nírìírí?

Mẹ́ta ni: girama aládàáni tó ń gbani síṣẹ́ fúnra ẹ̀, ilé ìwé àwọn ọmọ àjèjì, àti yunifásítì.

Ní girama, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ tíṣà ti Japan ò lè dá kíláàsì dì mú kó sì fún ọmọ ní máàkì. Tíṣà ọmọ ilẹ̀ wọn ni yóò dúró tì í. Ṣùgbọ́n láti 1988 ni wọ́n ti ní tokubetsu menkyojō, ìwé àṣẹ àkànṣe tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ máa ń fún ẹni tó mọṣẹ́ àmọ́ tí kò kàwé tíṣà ní Japan. Ẹnì kan ò lè dá béèrè fún un. Ilé ìwé tó fẹ́ gbà á ló máa dúró fún un. Torí náà, níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ bi wọ́n tààrà pé, "Ṣé ẹ máa bá mi gba tokubetsu menkyojō?" Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, iṣẹ́ ALT ni wọ́n fẹ́ fún yín, orúkọ ni wọ́n pa dà.

Ilé ìwé àwọn ọmọ àjèjì ní tiwọn ń béèrè ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ẹ ti wá: PGCE pẹ̀lú QTS (ìwé ẹ̀rí tíṣà àti àṣẹ láti kọ́ni) fún àwọn ará Ìlú Ọba, láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, àti ó kéré tán ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn ti dàgbà. Canadian Academy ti wà ní Kobe láti 1913, Yokohama International School láti 1924. Àwọn tuntun náà ń yọjú: Harrow ṣílẹ̀kùn ní Appi, ní ìpínlẹ̀ Iwate, ní 2022, Rugby ṣí ní Kashiwa, Malvern sì ṣí ní Tokyo, méjèèjì ní 2023. Ẹni tó bá ti kọ́ni lábẹ́ ìlànà IB (International Baccalaureate, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé kárí ayé ń lò) rí, kó kọ ọ́ sí òkè pátápátá nínú CV ẹ̀. Owó ibẹ̀ dára ju ti àwọn yòókù lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ranni lọ́wọ́ lórí owó ilé. Kí ẹ má kàn rò pé ẹ máa simi: iṣẹ́ London náà ni, ìpàdé àti kíkọ ìròyìn ọmọ kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀.

Yunifásítì ńkọ́? Ṣé mo gbọ́dọ̀ ní másítàs?

Ẹ gbọ́dọ̀ ní in. Tí kò bá sí másítàs nínú TESOL (ìmọ̀ kíkọ́ àwọn elédè mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì) tàbí nínú ìmọ̀ èdè, wọn ò ní ka lẹ́tà yín dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ á tún béèrè àpilẹ̀kọ tí ẹ ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹ ti kọ́ni ní yunifásítì rí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dá àwọn tíṣà girama dúró, bó ti wù kí wọ́n mọṣẹ́ tó.

Ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ aláàbọ̀ àkókò. Koma ni wọ́n ń fi kà á. Koma kan jẹ́ kíláàsì kan lọ́sẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 90, ó sì sábà máa ń mú 25,000 sí 30,000 yen wá lóṣù. Ẹni tó ní koma mẹ́wàá ń gba bíi 250,000 sí 300,000 nìyẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé koma mẹ́wàá lè wà ní ọgbà mẹ́ta tí ọkọ̀ ojú irin wákàtí kan wà láàárín wọn, yunifásítì kankan nínú wọn ò sì ní san owó ìlera àti ti ìfẹ̀yìntì mọ́ yín. Ẹ fi ṣe àtẹ̀gùn, ẹ má fi ṣe ibùgbé.

JREC-IN ni ojú òpó tí àwọn yunifásítì ń lẹ ìkéde iṣẹ́ mọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dara pọ̀ mọ́ JALT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè tó ti wà láti 1975; àwọn jọ́nà rẹ̀ máa ń gba àpilẹ̀kọ lọ́wọ́ tíṣà tó wà nínú kíláàsì, ibi àpéjọ ẹgbẹ́ náà sì ni wọ́n ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ kó tó jáde sí gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ gba másítàs lẹ́yìn tó bá dé, Temple University ní ẹ̀ka ní Japan tó ń kọ́ni ní TESOL.

Wọ́n ní wọ́n máa ń lé èèyàn lọ kó tó pé ọdún márùn-ún. Ṣé òótọ́ ni?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe láti fi dáàbò bo òṣìṣẹ́ ló sì fà á. Láti oṣù kẹrin 2013, ẹni tí agbanisíṣẹ́ kan bá ti ń tún àdéhùn rẹ̀ ṣe títí tó fi kọjá ọdún márùn-ún lè béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tí àdéhùn rẹ̀ kò lópin. Fún àwọn olùkọ́ àti olùwádìí yunifásítì kan, ọdún mẹ́wàá ni. Ilé iṣẹ́ tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ á kúkú kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò ní tún un ṣe kọjá ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ wá gbólóhùn yẹn rí nínú ìwé náà. Tí wọ́n bá ṣe yín níbi, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba tíṣà àjèjì wà, bíi General Union ní Osaka àti Tozen ní Tokyo.

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, Nàìjíríà náà ni mo ti kàwé. Ṣé wọ́n á gbà mí?

Ohun tí ìjọba sọ yàtọ̀ sí ohun tí agbanisíṣẹ́ ń sọ. Fún físà tíṣà ilé ìwé, ìmígíréṣọ̀n fẹ́ rí dìgírì, àti ẹ̀rí pé ẹ ti fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé fún ọdún 12 ó kéré tán. Orílẹ̀-èdè kan pàtó kò sí nínú òfin yẹn. Kí ẹ má fi alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama nìkan ṣírò o, torí ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ sọ pé èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi bi yín. Ẹ ka ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì: 13 nìyẹn. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, WAEC àti dìgírì lọ́wọ́, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín.

Lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́, ìkéde tó ní àwọn ń wá ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti irú wọn ló sábà máa ń wà lọ́kàn wọn. Eikaiwa ni ẹ ti máa rí èyí jù. Ẹ má fi agbára yín jà níbẹ̀. Ní yunifásítì, másítàs àti àpilẹ̀kọ yín ni wọ́n máa kà. Ní ti JET, orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́ ọmọ rẹ̀ lẹ máa gbà kọ̀wé, nítorí náà ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba mọ́ ti Nàìjíríà á gba ọ̀dọ̀ ẹ́ḿbásì Japan ní London.

Físà mi àtijọ́ ńkọ́? Káàdì mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ìrántí. Oṣù keje 2012 ni wọ́n ti pa káàdì àjèjì àtijọ́ yẹn tì, wọ́n fi zairyū kādo (káàdì ìgbélùú) rọ́pò rẹ̀. Bí ẹni tuntun lẹ máa ṣe wọlé: agbanisíṣẹ́ á bá yín gba ìwé COE (ìwé ẹ̀rí pé ẹ yẹ lẹ́ni tó lè gba físà), oṣù mẹ́ta ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì gbé e lọ sí ẹ́ḿbásì gba físà. Fọ́ọ̀mù náà á bi yín bóyá ẹ ti wọ Japan rí. Ẹ sọ òótọ́, àkọsílẹ̀ yín wà lọ́wọ́ wọn.

Oríṣi físà mẹ́ta ló kan tíṣà: kyōiku fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, kyōju fún yunifásítì, àti jinbun-kokusai fún eikaiwa àti kọ́ńpìnnì. Ẹni tó ní ọ̀kan tó fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ ti òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Tíṣà girama tó ń lọ kọ́ni ní eikaiwa lálẹ́ láìgba àṣẹ ń fi ìgbélùú ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Owó ìfẹ̀yìntì tí mo san nígbà yẹn dà?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń padà, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í rántí béèrè. Ó pín sí méjì.

Tí ẹ bá gba dattai ichijikin nígbà tí ẹ kúrò, ìyẹn owó tí wọ́n máa ń dá padà fún àjèjì tó bá ti lọ, ọdún wọ̀nyẹn ti parẹ́. Òdo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ ò bá gbà á láàárín ọdún méjì tí ẹ kúrò, ẹ ò lè gbà á mọ́, ṣùgbọ́n oṣù tí ẹ san ṣì wà lórí orúkọ yín. Láti oṣù kẹjọ 2017, ọdún mẹ́wàá ti tó láti lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. 25 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó san ọdún mẹ́ta nígbà èwe tí kò gbà á padà, ọdún méje péré ló kù fún un. Ẹ wá ìwé búlúù kékeré yẹn jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, nọ́ńbà inú ẹ̀ lẹ máa fi so ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti tuntun. Kí ẹnikẹ́ni má gbà kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà méjì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àǹfààní kan sí i. Àdéhùn tó wà láàárín ìjọba méjèèjì láti 2005 gbà wọ́n láàyè láti ka ọdún iṣẹ́ ní ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè pé ọdún tí òfin béèrè. Ti Ìlú Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má baà gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ èèyàn nìkan ló wà fún. Nàìjíríà ò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú wọn.

Ẹ tún bi agbanisíṣẹ́ léèrè nípa shakai hoken, ìlera àti ìfẹ̀yìntì tí òun àti ẹ̀yin jọ máa san. Láyé àtijọ́ àwọn kọ́ńpìnnì kan máa ń kọ wákàtí 29 àti ààbọ̀ sínú àdéhùn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́. Láti oṣù kẹwàá 2024, kọ́ńpìnnì tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ bá ti tó 51 gbọ́dọ̀ fi ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sínú ẹ̀.

Ṣé ọdún tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ máa kà tí mo bá fẹ́ gba ìgbélùú títí ayé?

Rárá. Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ léra ni wọ́n ń fẹ́. Ètò póńtù wà tó yára jù ú lọ: láti 2017, ẹni tó ní póńtù 70 lè béèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó ní 80 lẹ́yìn ọdún kan. Másítàs, owó oṣù àti èdè Japan ló ń kó póńtù wá. Ọjọ́ orí náà ń mú póńtù wá, àmọ́ tí èèyàn bá ti pé ogójì, kò sí ìkankan mọ́ níbẹ̀.

Mo fẹ́ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ.

Físà ẹbí wà, ìyàwó tàbí ọkọ sì lè fi ṣiṣẹ́ wákàtí 28 lọ́sẹ̀ tó bá gba àṣẹ. Ọmọ ni kí ẹ rò dáadáa. Ilé ìwé ìjọba kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ àjèjì, ọmọ ọdún mẹ́fà á sì ti máa fi èdè wọn jà láàárín oṣù díẹ̀. Ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá le. Ní bíi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò àtiwọ girama àgbà, pẹ̀lú kanji (àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn), ìtàn àti gbogbo ẹ̀. Tí ọmọ yín bá ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá iṣẹ́ sí ilé ìwé àwọn ọmọ àjèjì, torí owó ibẹ̀ máa ń lé ní mílíọ̀nù méjì yen lọ́dún fún ọmọ kan, wọ́n sì sábà máa ń dín in kù fún ọmọ òṣìṣẹ́ wọn. Láìsí ẹ̀dínwó yẹn, ẹ máa ṣiṣẹ́ fún owó ilé ìwé nìkan ni.

Kí ló ti yí padà nínú kíláàsì?

Ó pọ̀. Ní 2011 wọ́n sọ eré Gẹ̀ẹ́sì di dandan ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti 2020 ó ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní máàkì níbẹ̀, eré ti sọ̀ kalẹ̀ dé kíláàsì kẹta. Tíṣà kíláàsì tí kò sọ Gẹ̀ẹ́sì rí ló ń kọ́ ọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Àgbà tíṣà tó lè fi sùúrù kọ́ tíṣà mìíràn níyì gan-an níbẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ báyìí. Tokyo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sísọ tí wọ́n ń pè ní ESAT-J ní 2022, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí girama àgbà.

Àwọn ọmọ fúnra wọn ń dín kù. Àwọn tí wọ́n bí ní Japan ní 2024 kò tó 700,000. Kó má yà yín lẹ́nu tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti pa ilé ìwé tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: báwo ló ṣe rí fún aláwọ̀ dúdú?

Àga ẹ̀gbẹ́ yín nínú ọkọ̀ ojú irin ṣì lè ṣófo. Ọlọ́pàá ṣì lè ní kí ẹ mú káàdì wá nígbà tí ẹ ń ra búrẹ́dì lọ. Àmọ́ ojú àwọn ọmọ ti là sí i. Rui Hachimura, tí bàbá rẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n sì bí ní Toyama, wọ NBA ní 2019, kò sí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí wọn, tí ẹ bá ní ọmọ Nàìjíríà ni yín, orúkọ Bobby Ologun ni wọ́n á dá lé, ará wa tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ sì bá iṣẹ́ lọ. Ohun kan tún wà: wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹni tó ti lé lógójì tó múra dáadáa, wọn kì í fọwọ́ kan irun ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé ALT.

Ilé?

Ẹni tó mọ àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n ní Èkó ti mọ reikin: ẹ̀bùn fún onílé tí kì í padà wá. Ilé UR, tó jẹ́ ti ìjọba, kì í gba reikin, kì í sì í béèrè onídùúró. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mo lè kó o wọlé?

Èyí tó máa tó oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba yunyu kakuninsho, ìwé àṣẹ láti kó oògùn wọlé, kí ẹ tó wọ bàálù. Oògùn tó ní amfẹtamíìnì, bíi Adderall, èèwọ̀ ni pátápátá, ìwé dókítà ò lè gbà yín.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Oṣù kẹrin ni ọdún ẹ̀kọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì àti girama aládàáni máa ń kéde iṣẹ́ láti àárín ọdún tó ṣáájú, ọ̀pọ̀ ti yan èèyàn kó tó di Kérésìmesì. Ilé ìwé àwọn ọmọ àjèjì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì ń wá tíṣà láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejì. JET ń gba fọ́ọ̀mù nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, àwọn tí wọ́n bá mú á sì gbéra ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ.

Ohun tó ń pẹ́ jù ni lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ yín àtijọ́ ní Japan, torí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Tí ilé ìwé náà bá ti di títì, ẹ kọ̀wé sí kyōiku iinkai, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà, ní èdè Japan, kí ẹ fi ọdún tí ẹ ṣiṣẹ́ àti orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ìgbà náà sí i. Àwọn obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó kún un.